Èémí Inú Ẹ̀rọ Ọ̀dà

Mo na ọwọ́ ọ̀tún sókè, mo ṣèlérí fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbọ́: ọ̀rọ̀ yìí kò ní gùn. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ lẹ́tà ní ọ́fíìsì káńsù kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá kọ lẹ́tà ìjọba tó bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó ń jẹ́ gígùn, ó sì ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Kẹfà, ní Ìlọ́fà níbí, ẹ̀rọ tí mo fi ń fín ọ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Kò síná. Mo ti yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára ògiri. Orí ìṣó tí mo gbé e kọ́ ló wà, ó ń mí.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ ọwọ́ mi, nítorí àwọn ará ìjọ wa ti ṣàlàyé rẹ̀ fún ara wọn, àlàyé wọn kò sì dáa. Mo máa ń to ọkọ̀ ogun kéékèèké. Rọ́bà wẹ́wẹ́ ni wọ́n máa ń kó sínú páálí, èmi á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀: táyà, ìbọn, ilẹ̀kùn. Tó bá parí, kò ju búrẹ́dì kékeré kan lọ. Ọmọ àbúrò mi ló fi àkọ́kọ́ ránṣẹ́ láti òkè òkun nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, kí n má baà máa dá sí ọ̀rọ̀ ọbẹ̀. Lónìí mo ní ọkọ̀ ogun mọ́kànlá. Ó fi mọ́kànlá ju ti ìjọba ìbílẹ̀ wa lọ.

Ẹ̀rọ ọ̀dà náà rí bíi bírò. Ife kékeré wà lórí rẹ̀ tí à ń da ọ̀dà sí, abẹ́rẹ́ tín-ín-rín sì gba inú rẹ̀ lọ dé imú. Ẹ̀rọ mìíràn ló ń fún un ní atẹ́gùn, irú ti àwọn fọkanáísà, àmọ́ tí kò tó garawa. Bí ọ̀dà bá gbẹ sí imú rẹ̀, ó parí. Nítorí náà, èmi tí Ameenat ìyàwó mi ń bá jà lórí àwo tí n kò fọ̀, mo máa ń tú ẹ̀rọ yìí palẹ̀, mo máa ń fi sípíríìtì wẹ̀ ẹ́, mo máa ń fi òwú nu abẹ́rẹ́ rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá síwájú, bí ẹni ń tọ́jú ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ.

Keziah ló gbé iṣẹ́ tó dá èémí yìí sílẹ̀ wá. Opó ni, ìyá ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà. Ayọ̀kúnlé, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ń wa ọkọ̀ ogun ní Borno. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí àwọn agbésùnmọ̀mí ti kọlu ibùdó wọn. A kò rí i, a kò rí òkú rẹ̀. Adégbóyèga, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ olórí ẹbí, ti ní ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n á kó aṣọ iléèwé ọmọ náà sínú pósí, wọ́n á sin ín ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," Keziah na fóònù sí mi. Ayọ̀kúnlé ló wà nínú àwòrán náà, ó yọ orí jáde láti inú ihò awakọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ bá mi ṣe ọkọ̀ yìí, kí ẹ fi òun náà sí i. Bí mo bá gbà kí wọ́n sin ín, tí kò sì tíì kú ńkọ́? Ta ni yóò ṣílẹ̀kùn fún un? Mo fẹ́ wo ojú rẹ̀ kí n tó dá wọn lóhùn."

Nígbà tó lọ tán, Ameenat rọra yọjú láti ilé ìdáná. "Bàbá Tọ̀mídé, wọn kì í ṣe ère ẹni tó wà láàyè."

"Kì í ṣe ère. Rọ́bà ni."

"Ẹ bi rọ́bà bóyá ó mọ̀."

Mo ṣe é. Mo kun ojú rẹ̀ títí ó fi jọ ọ́, mo kọ orúkọ rẹ̀ sí i láyà. Ibi ihò awakọ̀ ni wàhálà wà: ọmọ rọ́bà náà kò gùn ju ìka kan lọ, síbẹ̀ kò wọlé. Gbogbo àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ ohun tí à ń ṣe sí i, ẹnikẹ́ni kì í sáà wo ìsàlẹ̀. Mo mú abẹ, mo gé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ní orúnkún. Ó wọlé wẹ́rẹ́. Bí mo ṣe gbé abẹ sílẹ̀ ni mo gbọ́ ọ lẹ́yìn mi: fíì... fíì...

Mo rò pé atẹ́gùn ló ṣẹ́kù. Mo tú gbogbo rẹ̀ dànù. Fíì... fíì... Mo pe Ameenat. Ó tẹ́tí, ó wò mí, ó gbé ìkòkò rẹ̀, ó lọ dáná ní ẹ̀yìnkùlé. Ibẹ̀ ló ti ń dáná títí di òní.

Lọ́jọ́ kejì Keziah dé. Kí n tó lanu, ó ti gbé etí lé imú ẹ̀rọ. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Bó ṣe ń mí nìyí," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Ihò imú rẹ̀ kan máa ń dí láti kékeré. Ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń fà á? Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kó dí mọ́ ọn."

Báyìí ni mo ṣe di nọ́ọ̀sì ẹ̀rọ ọ̀dà ní ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ ni mò ń wẹ̀ ẹ́. Bí mo bá fa abẹ́rẹ́ yọ, èémí náà á dúró, tèmi náà á dúró. Iyanrìn ni mò ń bá nínú ife rẹ̀, ó funfun, ó gbẹ, bẹ́ẹ̀ òjò ń rọ̀ ní Ìlọ́fà lójoojúmọ́.

Keziah sọ fún ẹbí pé òun kò ní sin ẹnikẹ́ni. Adégbóyèga wá bá mi.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹ ní ẹ̀rọ kan tó ń mí."

"Ó ń mí."

"Ẹ sọ fún un kó dákẹ́. A ti gbẹ́ ilẹ̀."

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n sin ín, èémí náà bẹ̀rẹ̀ sí í di tín-ín-rín. Yàrá mi ń rùn bí àlùbọ́sà. Ameenat búra pé òun kò ra àlùbọ́sà láti ọjọ́ Ajé. Mo fẹ́ fa abẹ́rẹ́, kò wá. Bí èèyàn bá fi agbára fà á, yóò tẹ̀, imú ẹ̀rọ á sì ya. Mo rẹ ẹ́ sínú sípíríìtì, mo ń yí i díẹ̀díẹ̀. Èémí náà dúró. Keziah wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò gbàdúrà sókè, ó kàn di ẹsẹ̀ tábìlì mú. Mo kà dé ogójì. Abẹ́rẹ́ jáde, èèpo àlùbọ́sà wẹ́wẹ́ sì lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

Fíì. Ó fẹ́ sí wa lójú, ó gbóná.

Ọjọ́ Ẹtì, ọ̀kadà kan láti Obbò-Ayégúnlẹ̀ dúró níwájú ilé Keziah, níbi tí wọ́n ti ń gbé kánópì ìsìnkú ró. Ayọ̀kúnlé sọ̀ kalẹ̀, ó fi igi tilẹ̀. Àwọn oníkánópì sá lọ. Wọn kò tíì padà wá kó o.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún wa, ó ń wo ilẹ̀. "Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí mi lẹ́sẹ̀ òsì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ní ọ̀sán gangan, mo wolẹ̀, ẹsẹ̀ yẹn kò sí. Kò ṣẹ̀jẹ̀. Kò dùn mí. Awọ ti bò ó bí ẹni pé bí ẹ ṣe bí mi nìyẹn. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà nílẹ̀, ó ṣófo. Àwọn tó ń ṣọ́ mi rí i, wọ́n ju ìbọn sílẹ̀, wọ́n sá." Ó wọ́ dé ojú títì, tírélà àlùbọ́sà gbé e, ó sùn sábẹ́ tapólì tí wọ́n fi bo ẹrù. "Lánàá èémí tán nínú mi. Àfi bí ẹni pé ẹnìkan fa nǹkan yọ nímú mi."

Mo bá Keziah lọ sí ẹ̀yìn ilé, mo sọ ohun tí mo fi abẹ ṣe. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ má sọ fún un."

Mo rò pé ó tán nìyẹn. Láti ọjọ́ Ẹtì yẹn ẹ̀rọ kò mí mọ́. Ṣùgbọ́n Keziah ti sọ fún ẹnìkan ṣoṣo. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, kí n tó run pákò, obìnrin mẹ́rin ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, láti Erúku, láti Kòró, kálukú pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ọmọ ẹnìkan jẹ́ ṣójà, ti ẹnìkan jẹ́ ọlọ́pàá, méjì yòókù kàn wọ mọ́tò ni, wọn kò dé ibi tí wọ́n ń lọ. Mo ṣàlàyé fún wọn bí ìwé ìjọba: pé eré ọwọ́ àgbàlagbà ni, pé ère kì í wọ inú ihò láìjẹ́ pé a gé nǹkan kúrò lára rẹ̀, pé n kò mọ ibi tí yóò kàn lára ọmọ.

Wọ́n wo ara wọn. Èyí tó dàgbà jù, Ìyá Ṣèyítán láti Kòró, gbé fóònù rẹ̀ lé mi lórúnkún.

"Ẹ gé e," ó wí. "Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ fún mi."

Mo ti pọ́n abẹ. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ fi í sínú. Ayọ̀kúnlé máa ń kọjá níwájú ilé mi láràárọ̀, ó sì máa ń dúró kí mi dáadáa.