Ẹsẹ̀ Tó Ń Ti Ìbàdí Wá

Ọkùnrin náà wọlé bí ẹni tó ru ẹyin sórí. Ó ga, èjìká rẹ̀ fẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì rẹ̀ wà ní ìbàdí, kò sì lè yí ọrùn láìyí gbogbo ara. Ó dúró létí adágún ìlúwẹ̀ẹ́. Kò wo omi. Ilẹ̀ ló ń wò.

Olùkọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ rí i láti òdìkejì. Ọ̀dọ́bìnrin náà ti kọ́ oríṣiríṣi ènìyàn: èyí tó ń bẹ̀rù omi, èyí tí kò fẹ́ kí irun òun tutù, èyí tó kàn wá ṣe fáàrí. Kò tíì rí èyí tó wá wo táìlì.

"Ẹ káàsán o. Ṣé nǹkan yín ló bọ́ sílẹ̀ ni?"

"Rárá o. Ìlà táìlì yìí ni. Ẹ wò ó, ó wọ́. Ẹni tó tẹ́ ẹ kánjú."

"Ẹ mọ iṣẹ́ náà?"

"Iṣẹ́ mi ni. Tó bá jẹ́ ọmọṣẹ́ mi ló tẹ́ èyí, màá ní kó tú u."

"Ó dáa. Màá jíṣẹ́ fún un. Bàbá mi ni."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọkùnrin náà fẹ́ tẹríba tọrọ àforíjì, ìbàdí rẹ̀ ò gbà fún un. Ó há sí àgbedeméjì bí ilẹ̀kùn tí wọn ò tì tán. Ọ̀dọ́bìnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti jáde.

"Ẹ nàró jàre. Ta ló rán yín wá?"

"Dókítà. Ó ní iṣan inú mi àti ti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ti dẹ̀. Ó ní kí n máa lúwẹ̀ẹ́."

Olùkọ́ náà gbé bàtà rọ́bà méjì fún un, èyí tí iwájú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ìrù ẹja. Bàtà ẹja ni wọ́n ń pè é níbẹ̀.

"Èyí kúrú," ni ọkùnrin náà wí. "Àwọn tó gùn wà lórí pẹpẹ yẹn."

"Àwọn yẹn kì í ṣe tiyín."

"Ẹsẹ̀ mi tóbi o."

"Ẹ̀yìn yín ni mò ń wò."

Ó ṣàlàyé fún un. Bàtà yìí ń sọ omi di ẹrù fún ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ nìkan kò lè gbé e, nítorí náà inú àti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn á jí, wọ́n á bá a gbé e. Ibẹ̀ ni oògùn wà. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ń ká orúnkún bí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́, ẹ̀yìn ló máa jìyà rẹ̀, bí bàtà bá sì ṣe gùn tó ni ìyà náà ṣe ń pọ̀ tó.

"Ẹ fa inú sínú díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ ti ìbàdí wá, kó rọ̀, bí aṣọ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lórí okùn."

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ta omi dé ara ògiri.

"Ọ̀gá Táìlì, ṣé omi lẹ̀ ń bá jà ni àbí èmi?"

"Omi ni, Tíṣà. Ta ló tó bá yín jà?"

Ọkùnrin náà ń wá bẹ́ẹ̀. Ó fi ọwọ́ di pátákó tó ń léfòó lórí omi mú, ó ń fi ẹsẹ̀ lu omi. Nígbà tó yá, ó dojú sókè, ọwọ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ itan, inú rẹ̀ ń gbọ̀n bí omi ọbẹ̀ tó fẹ́ hó. Lẹ́yìn náà ó fẹ̀gbẹ́ lúwẹ̀ẹ́. Ìbàdí rẹ̀ ń lágbára sí i. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, fèrè bọ́ lọ́wọ́ Tíṣà. Ọkùnrin náà tẹ̀, ó mú un, ó nàró, kò di ògiri mú. Tíṣà gbà á, ó fọn ọ́n bí ẹni tí kò rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́, níbi tó ti ń fọ àwo, ó ń dá rẹ́rìn-ín.

Ìgbà kan wà tí ọkùnrin náà tètè dé, tó bá Tíṣà nínú omi. Bàtà gígùn ló wọ̀. Ó rì, ó gba ìsàlẹ̀ lọ láti etí kan dé èkejì, kò yọjú mí. Nígbà tó jáde, ọkùnrin náà ń wò ó bí ẹni tí wọ́n gbé ẹ̀bùn fún.

"Mo ti tẹ́ ilẹ̀ ilé ńláńlá. N ò tíì fa ìlà kan tó gún tó èyí tí o fà nínú omi yìí."

Ó ti gbàgbé láti sọ pé "ẹ."

"Ṣé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ lò ń bá mi sọ ni, àbí ọ̀rọ̀ iṣẹ́?"

"Àwọn méjèèjì."

Tíṣà gbọn omi kúrò lórí. "Ó dáa. Wá bá mi rí bàbá mi."

Bàbá náà jókòó lẹ́bàá fèrèsé. Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ débi pé ilẹ̀ nìkan ló ń rí. Bó bá fẹ́ wo àlejò, á dorí kọ ẹ̀gbẹ́ bí adìyẹ tó ń wo àwòdì.

"Ìwọ lo ní mo kánjú."

Ọmọbìnrin náà ge ètè jẹ. Òun ló fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀fẹ̀ nílé.

"Ẹ jọ̀wọ́, bàbá. Ẹnu mi ló gùn."

"N ò kánjú. Ẹ̀yìn mi ló já lọ́jọ́ náà. Ó ti pẹ́ tó ti ń dùn mí, mo fi pamọ́ fún ọ̀gá mi, mo fi pamọ́ fún ìyàwó mi. Mo fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, mo tẹ́ ìlà yẹn parí. Ìgbà tí mo dìde, bí o ṣe rí mi yìí ni mo dìde."

Bàbá na ọwọ́ sí bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ náà kò débẹ̀.

"Ìyá ọmọ yìí ló ń wọ bàtà fún mi títí tó fi kú. N ò ní fi ọmọ mi fún ẹni tó máa tẹ̀ bíi tèmi. Ọmọ dáadáa ni ọ́. Máa lọ."

Ọkùnrin náà lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò tán nínú rẹ̀. Ó rò pé agbára ni bàbá ń wá. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó yọ́ wọlé lọ́sàn-án nígbà tí Tíṣà lọ jẹun, ó sì mú bàtà tó gùn jù lórí pẹpẹ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Láàárín omi, orúnkún rẹ̀ ká, ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́, ó sì gan.

Tíṣà padà dé, ó rí i tó rọ̀ mọ́ okùn tó pín omi. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó pa ẹnu mọ́. Tíṣà bẹ́ sómi tòun taṣọ, ó fà á dé etí, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀.

"Kí ló dé tí o ò pariwo?"

"Kò... kò dùn mí púpọ̀."

"Kò dùn ọ́! Ta lò ń purọ́ fún? Ṣé omi ni àbí èmi?"

"Mo fẹ́ kí bàbá rí i pé mo lágbára."

"Bàbá mi lágbára. Agbára náà ló fi pa ẹnu mọ́ títí tó fi tẹ̀. Mo ti ní ọ̀kan nílé. N ò lè fẹ́ èkejì." Omi ń kán lára rẹ̀. "Bó o bá lè rìn, máa lọ. Kó o sì má wá mọ́."

Ó ṣòro fún un láti sọ ọ́. Ó sọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá. Ní òwúrọ̀ kan, nígbà tí àwọn ọmọdé àti àwọn ìyá àgbà ń kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́, ọkùnrin náà wọlé. Ó mú bàtà kúkúrú. Ó wọ inú omi, ó rọra ń lọ. Nígbà tó dé àárín, ó dúró, ó na ọwọ́ sókè.

"Tíṣà! Ó ń dùn mí níbí!"

Gbogbo ilé gbọ́. Àwọn ọmọdé rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà kan ní, "Ọkùnrin gìrìwò yìí!"

"Níbo lẹ wí?" ni Tíṣà bi í. "Ẹ" ló ń lò, bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Ó fi ọwọ́ hàn án. "Kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí."

"Ẹ sinmi. Ẹ dojú sókè."

Báyìí ló ń ṣe. Bó bá dùn ún, á sọ. Bí kò bá dùn ún, á sọ. Ní ọjọ́ kan ó ní, "Mo ti ń sọ fún àwọn tó ń gbé iṣẹ́ fún mi pé mo máa ń dìde nara bí mo bá ti tẹ́ ìlà mélòó kan. Ọ̀kan ní òun ò lè dúró. Mo ní kó wá ẹlòmíì."

Orí Tíṣà wú. Ó mọ ohun tó ná ọkùnrin bí irú èyí láti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

"O ṣeun," ló wí. "Ẹ" ti kúrò níbẹ̀.

Nígbà tó délé nírọ̀lẹ́, ó bá ọkùnrin náà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Kò jókòó sórí àga. Ilẹ̀ ló jókòó sí, níwájú arúgbó náà gan-an, kí bàbá lè rí ojú rẹ̀ láìyí ọrùn. Tíṣà dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, ìbàdí dùn mí lánàá. Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo sì sọ fún ọmọ yín. Lónìí, kò dùn mí."

Bàbá wò ó lójú tààrà.

"Láti ìgbà tí mo ti wà nínú iṣẹ́ yìí, n ò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu ọkùnrin kan rí."

"Ẹ̀yin ńkọ́, bàbá? Níbo ló ń dùn yín?"

Kò sí ẹni tó bi í rí. Ọmọ rẹ̀ pàápàá kò bi í. Ọmọ náà rò pé òun mọ̀.

"Gbogbo ẹ̀," ni arúgbó náà wí.

Wọ́n kọ́kọ́ mú un lọ rí dókítà. Dókítà ní omi kò ní pa á lára, bí ẹnìkan bá dì í mú. Ọjọ́ tí wọ́n mú un wá, ó ń kùn láti ilẹ̀kùn dé etí omi. Ó ní òun kì í ṣe ẹja. Ó ní bàtà yìí kò bá òun mu. Ọkùnrin náà wọ̀ ọ́ fún un, ó kó apá méjèèjì sábẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí omi.

Omi gbé e. Díẹ̀díẹ̀, ibi tó tẹ̀ ń tú. Kò gún tán, irin tó ti pẹ́ ní títẹ̀ kì í gún lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n ojú bàbá kọ sókè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nà. Tíṣà dúró létí omi, kò lè gbé ojú kúrò. Àṣé bàbá òun ga tó báyìí.

"Tíṣà," ni ìyá àgbà ọjọ́sí bi í, "ta ni bàbá yẹn?"

"Bàbá mi ni. Òun ló tẹ́ gbogbo ilẹ̀ tí ẹ dúró lé yìí."

"Àgbà ọ̀jẹ̀! Ẹni tó gbé e dání ńkọ́?"

Tíṣà gbé orí sókè. Ó sọ ọ́ kí gbogbo ilé lè gbọ́.

"Ọkọ mi ni."

Ọ̀rọ̀ náà bá ọkùnrin náà lójijì. Ọwọ́ rẹ̀ yẹ̀. Omi bo etí arúgbó náà, ó hó lẹ́nu rẹ̀.

"Dì mí mú dáadáa, àna mi!" ni bàbá pariwo. "Ẹ ó ráyè wo ojú ara yín tí mo bá gúnlẹ̀."