Àwọn Tó Ń Jẹ́ Ìpè Lẹ́nu Géètì

Ológbò kì í tò. Èèyàn lè to ewúrẹ́, ó lè to ọmọ iléèwé, ṣùgbọ́n ológbò á lọ síbi tó bá wù ú. Ìdí nìyẹn tí orí mi fi wú ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, nígbà tí mo ṣí fèrèsé yàrá géètì, tí mo rí ológbò mẹ́tàlá lórí ìlà kan ṣoṣo, imú ọ̀kan nídìí èkejì, tí wọ́n dákẹ́, tí wọ́n ń dúró dè mí.

Èmi ni mo fà á.

Làsísì lorúkọ mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ti sùn sábẹ́ bíríjì, mo ti ru símẹ́ǹtì ní ìlú tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀, mo ti jẹ ẹ̀bà láìlọ́bẹ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ mi sinmi sí ni ilé-iṣẹ́ bisikíìtì kan tó ti kógbá sílé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin rélùwéè ní Agége. Wọ́n ní kí n máa ṣọ́ géètì, kí wọ́n má baà jí páànù orí òrùlé tán. Àwọn tó ni ín ti lọ láti ọdún mọ́kànlá. Àwọn ológbò tí wọ́n kó wá nítorí eku inú ìyẹ̀fun ni kò lọ.

Ọ̀kan nínú wọn, kékeré, aláwọ̀ eruku, wá bá mi lọ́jọ́ tí mo dé gan-an. Kì í ké. Ikọ́ gbígbẹ ló máa ń wú, bí ẹni tí ìyẹ̀fun há sí lọ́fun. Bí mo bá dùbúlẹ̀, á wá sí ẹsẹ̀ mi, á fi èékánná kọ́ etí ṣòkòtò mi, á sùn. Mi ò sọ ọ́ lórúkọ. "Ìwọ yìí" ni mò ń pè é. "Ìwọ yìí, kúrò níbẹ̀." Kì í kúrò.

Ọmọ ni mo wá débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́. Mo ní ọmọbìnrin kan, Uswat. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tí mo fi òun àti ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Mo ní mò ń lọ wáṣẹ́; irọ́ ni, ńṣe ni mo sá. Nígbà tí mo fi máa padà, ìyá ti kú, ọmọ ti wá sí Èkó. Ẹnì kan ní Abúlé Ẹ̀gbá ló sọ fún mi pé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ti fìgbà kan ń di bisikíìtì sínú páálí ní Agége. Nígbà tí mo fi dé ibẹ̀, ibẹ̀ ti di ilé ológbò.

Jimoh, tó ń ṣe bàtà níwájú géètì, ti ṣe lébìrà níbẹ̀ rí. Òun ló sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe fún mi. Iṣẹ́ òòjọ́ ni, kò sẹ́ni tí iṣẹ́ ọ̀la dá lójú. Ní aago méje àárọ̀, ọ̀gá wọn, Bọ́dúndé, á lu ògbólógbòó irin rélùwéè kan tí wọ́n so mọ́ igi dóńgóyárò, á máa ka orúkọ nínú ìwé. Bó bá pè ọ́, wàá dáhùn lẹ́ẹ̀kan, wàá gba ilẹ̀kùn kékeré wọlé. Bí o ò bá dáhùn, o relé.

"Bọ́dúndé kì í pe orúkọ lẹ́ẹ̀mejì," Jimoh sọ. "Bó o bá ṣì ń nu ipin lójú nígbà tó pè ọ́, ó ti tán nìyẹn."

Nígbà tí mo ti lo bí ọdún kan níbẹ̀, mo rí ìwé náà nínú àpótí kan ní yàrá géètì. Orúkọ mẹ́tàlélógójì ló wà níbẹ̀. Àwàdà ni mo fi ṣe. Mo lu irin, mo ṣí ìwé, mo fi ohùn ọ̀gá pè é: "Olúgbénró."

Ológbò dúdú kan jáde lábẹ́ ògiri, ó ń tiro. Ó ké lẹ́ẹ̀kan. Ó gba ilẹ̀kùn kékeré wọlé.

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Jimoh. "Bàbá," ó rọra sọ, "Olúgbénró máa ń tiro."

"Níbo ló wà báyìí?"

"Mo wà níbi tí wọ́n ti sin ín."

Ó yẹ kí n pa ìwé dé. Mo ń pè lọ. "Jimoh." Kò sí ológbò tó yọjú; Jimoh fúnra rẹ̀ ló gbọ̀n. "Ojúọlápé." Ológbò funfun kan jáde, ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀ dáadáa kó tó ké. Jimoh fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní obìnrin náà kì í wọlé iṣẹ́ láì fi pọ́dà sójú, wọ́n sì ti sin òun náà lọ́dún tó kọjá. "Olúwalóṣèyí." Kò sí ológbò kankan. Jimoh ní ó ń ṣe bíríkìlà ní Omole, àwọn ṣì jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù lánàá.

Bí a ṣe mọ ohun tí ìwé náà ń ṣe nìyẹn. Ẹni tó bá wà láyé kò ní dáhùn. Ẹni tó bá ti lọ, á jẹ́ ìpè.

Orúkọ kẹtàlélógójì ni Uswat Làsísì.

Mi ò pè é. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ń lu irin, tí mò ń ka dé kejìlélógójì, tí mò ń pa ìwé dé. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé tí mo sọ yẹn, wọ́n ti ń tò kí n tó jí. Bí mo bá sì ti dúró, àwọn tó ti wọlé á yọ orí lẹ́nu ilẹ̀kùn kékeré, wọ́n á máa wò mí, bí èèyàn ṣe ń wo ẹni tí ọ̀rọ̀ kù sí lẹ́nu.

"Ẹ jẹ́ ó wà bẹ́ẹ̀, Bàbá Ológbò," Jimoh sọ. "Ẹni tí ẹ ò bá pè, ẹ ṣì lè máa wá a kiri."

"Mo ti wá a tó. Ó ti rẹ̀ mí."

Ní ọjọ́ kẹwàá, òjò ṣú, kò rọ̀. Mo lu irin. Mo ka gbogbo wọn. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀, mo fi ìka lé orúkọ náà.

"Uswat Làsísì."

Mo wo abẹ́ ògiri. Mo wo orí páànù. Mo wo ojú irin. Rélùwéè kan kọjá, ariwo rẹ̀ bá a lọ, ilẹ̀ dákẹ́. Ológbò kankan ò jáde.

Jimoh ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Ó wà láyé, Bàbá. Ọmọ yín wà láyé."

Mo kúnlẹ̀, mo forí kanlẹ̀ nínú eruku, mo ní Alihamudulilahi. Nígbà tí mo fẹ́ dìde, nǹkan kan di etí ṣòkòtò mi mú.

Ìwọ yìí ni. Ó ti wà lẹ́sẹ̀ mi láti àárọ̀, bó ṣe máa ń ṣe. Ó gbé orí sókè. Ó wú ikọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún kan tí a ti jọ wà, ó ké. Lẹ́ẹ̀kan.

Mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Nígbà tó wà ní kékeré, etí ṣòkòtò mi ni Uswat máa ń dì mú sùn, kí n má baà lọ. Ní ìdájí tí mo sá, ìka rẹ̀ ni mo ń tú, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ó fúnra rẹ̀ tú èékánná rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó rìn lọ sí ilẹ̀kùn kékeré, kò wẹ̀yìn.

"Ikọ́ ló ń ṣe é nígbà tó fi iṣẹ́ sílẹ̀," Jimoh sọ. Kò lè wo ojú mi. "Ìyẹ̀fun yẹn ni. Mi ò fẹ́ sọ fún yín."

Ọdún kan gbáko lọmọ mi fi wà lẹ́sẹ̀ mi, mò ń lé e. Orúkọ rẹ̀ ló ń dúró kí n pè.

Ní báyìí, òun ló ń kẹ́yìn ìlà. Bí mo bá pè é, á ké, á wọlé. Mo máa ń rẹ búrẹ́dì sínú mílíìkì, kí n gbé e sílẹ̀ fún un. Á rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí òṣìṣẹ́ tó ti pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Kì í sùn lẹ́sẹ̀ mi mọ́. Mo ṣì máa ń na ẹsẹ̀ sílẹ̀ fún un. Etí ṣòkòtò mi fúyẹ́.

Mo ní kí Jimoh bá mi kọ orúkọ kan kún ìwé náà, torí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára ju tèmi lọ.

"Èmi kọ́ ni màá kọ ọ́, Bàbá. Ẹ lọ jẹun."

Mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́. Kò gún, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà. Ẹni tó bá gba géètì lẹ́yìn mi, kó lu irin ní aago méje, kó máa ka orúkọ lọ. Kẹrìnlélógójì ni tèmi, ó tẹ̀lé ti ọmọ mi. Kó má pa ìwé dé kó tó débẹ̀.