Àmì Ṣọ́ọ̀kì Lára Òpó Ẹ̀yìn

"Òkè yẹn, ti ẹ̀gbọ́n rẹ ni," màmá mi wí, ó sì ń fi eyín já òwú bí ẹni pé ọ̀rọ̀ tó sọ ò gún ẹnikẹ́ni.

Ó gún mi. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ wa kéré, ṣùgbọ́n òrùlé rẹ̀ ga bí ẹni pé òmìrán ló fẹ́ gbé ibẹ̀. Nígbà tí aṣọ oníbàárà gba gbogbo ilẹ̀, màmá mi pe jórinjórin kó fi òpó irin àti pákó ṣe àjà sí agbedeméjì, kí ibi iṣẹ́ lè di méjì. Mo ti rí ara mi lókè yẹn, èmi àti ìwé ìdánwò àṣekágbá mi. Wọ́n wá gbé e fún ẹ̀gbọ́n mi, tí gbogbo oníbàárà ń pè ní Ọwọ́-Ẹ̀rọ. Bí Ọwọ́-Ẹ̀rọ bá sín, wọ́n á ní ó sín gún régé.

"Ṣé inú ń bí ọ ni?" ẹ̀gbọ́n mi bi mí.

"Kí ló fẹ́ bí mi nínú? Ẹ̀yin lẹ ń lọ sókè. Àbí kí n bá yín ra ìyẹ́ ni?"

Kí jórinjórin tó lọ sílé, ó kìlọ̀ fún wa. "Ibi tí ẹ bá ti rí ṣọ́ọ̀kì, mo kàn fi iná lẹ̀ ẹ́ ni. Lọ́la ni màá jó o tán, màá sì nu àmì rẹ̀ kúrò. Kí ẹnikẹ́ni má gùn ún o."

Nígbà tó ku èmi nìkan, mo mú àkísà, mo nu àmì òpó ẹ̀yìn. N ò fẹ́ kó wó. Mo kàn fẹ́ kó mì lábẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, kí ẹ̀rù lé e sọ̀ kalẹ̀ fún mi. Owú ò mọ ìṣirò. Kò bi mí bí ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe wúwo tó.

Lọ́jọ́ kejì, jórinjórin jó gbogbo ibi tó rí ṣọ́ọ̀kì, ó ní iṣẹ́ parí. Màmá mi gbé ìdì aṣọ kan lérí.

"Èmi ni màá kọ́kọ́ gùn ún," ó ní. "Bí yóò bá já, kó má já lábẹ́ ọmọ mi."

Ó ti tẹ àtẹ̀gùn kẹta kí ohùn mi tó jáde. "Mọ́mì, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Mo nu ṣọ́ọ̀kì òpó ẹ̀yìn."

Ó sọ̀ kalẹ̀. Jórinjórin fi òòlù gbá òpó náà lẹ́ẹ̀kan péré. Ó já kúrò lókè bí igi ìṣáná.

Ẹ̀gbọ́n mi mú ṣọ́ọ̀kì tí a fi ń sàmì sára aṣọ, ó fi lé mi lọ́wọ́. "Lọ dá a padà síbi tí o ti nù ún."

Mo lọ sàmì náà padà.

Màmá mi wá nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, níbi tí ẹ̀rọ ẹ̀gbọ́n mi máa ń wà. "Ibẹ̀ ni mo fẹ́ gbé tábìlì ìkàwé rẹ sí. Òkè gbóná. Ẹ̀gbọ́n rẹ ló ní kí òun lọ fara da ooru, kí ìwọ lè rí atẹ́gùn."

Jórinjórin ní òun ò fọkàn tán òpó kankan mọ́ nínú ilé yẹn. Ó tú àjà náà palẹ̀, ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tún un ṣe. Kó tó parí, ìdánwò mi ti kọjá. Orí ìdì aṣọ ni mo ti kàwé, oorun sì ń gbé mi lọ níbẹ̀.

Bí a bá ń yọ́lẹ̀ dà, ohun abẹ́nú a máa yọ́ni ṣe. Ìwọ tí ara ń ta nítorí pé wọ́n gbé ẹlòmíràn sókè, kọ́kọ́ bèèrè ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ dè ọ́ nísàlẹ̀.