Orúkọ Ọkọ̀ Nọ́ọ̀sì Olwen

Ní gbogbo àfonífojì wa yìí, èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ọkùnrin kan wà rí tó ń jẹ́ Idwal. Bí mo bá dárúkọ rẹ̀ nílé ọtí, wọn á wojú ara wọn, wọn á sì yára mú ọ̀rọ̀ mìíràn sọ. Gethin ọkọ mi pàápàá, tí òun àti Idwal jọ dàgbà, á ní, "Eluned, Idwal wo?" Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ ọ́, kó má baà parẹ́ pátápátá.

Àgùntàn ni Idwal ń sìn ní oko Cwm-du. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí òun àti Gethin, agbẹ̀bí kan náà ló sì gbẹ̀bí wọn, Nọ́ọ̀sì Olwen. Idwal sanra, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, kì í sì í kọjá gáréèjì wa láìyà wá fi Gethin ṣe yẹ̀yẹ́.

Gethin ló ń to ọkọ̀ eré-ìje jọ fúnra rẹ̀. Á ra bọ́dì fáíbà pupa tó jọ ti àwọn ọkọ̀ tó lókìkí láyé àwọn bàbá wa, á wá ọkọ̀ àgbà kan, á yọ ẹ́ńjìnnì, jíà àti ẹsẹ̀ rẹ̀, á kó wọn sínú ti tuntun. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní èèwọ̀ kan: òkú ọkọ̀ ni wọ́n ń tú, èyí tó ti dógùn-ún títí adìyẹ fi ń yé sínú rẹ̀. Èyí tó ṣì ń rìn, ọmọlúwàbí kì í fi ayùn kàn án.

Nígbà tí Nọ́ọ̀sì Olwen kò lè wakọ̀ mọ́, ó pe Gethin. Ọkọ̀ aláwọ̀ eérú rẹ̀ ń dán, bí ẹ bá sì yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á dáhùn. Màmá náà di ọwọ́ ọkọ mi mú lójú mi.

"Ọmọ mi, ọkọ̀ yìí ló gbé mi wá lọ́jọ́ tí mo gbà ọ́ jáde. Wàá bá mi tọ́jú ẹ̀?"

"Màá tọ́jú ẹ̀, Mà."

Kò pẹ́ sígbà náà tí màmá náà kú. Kò sì pẹ́ sí ikú rẹ̀ tí Gethin fi ayùn sí ọkọ̀ rẹ̀. Mo bínú, mo sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí nǹkan pupa bá ti wọ̀ lójú kì í gbọ́ràn.

Idwal wọlé, ó rí bọ́dì eérú nílẹ̀, òfìfo.

"Gethin, kí lo fi ìyá arúgbó yìí ṣe?"

"Mò ń tọ́jú ẹ̀ ni. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ò ní kú láéláé báyìí."

"O pa alààyè, o fi ẹran ẹ̀ ki inú ère, o ní ò ń tọ́jú ẹ̀! Tí mo bá kú, jọ̀ọ́, má bá mi tọ́jú ìyàwó mi o."

A rẹ́rìn-ín. Ó wá rí nọ́ńbà ọkọ̀ Nọ́ọ̀sì níwájú ọkọ̀ pupa náà, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀.

"Kí lèyí ń ṣe níbí?"

"Òfin gbà á. Ara ẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ọkọ̀ yìí, ó lè máa jẹ́ orúkọ ẹ̀."

"Màmá mi kọ nọ́ńbà yìí sára ògiri ilé ìdáná wa. Wọ́n ní nígbà tí àwọn rí i lójú ọ̀nà, ẹ̀rù ò ba àwọn mọ́." Ó fẹsẹ̀ ti bọ́dì eérú náà díẹ̀. "Ẹni tó bá ń jẹ́ orúkọ, òun náà ni yóò máa jẹ́ ìpè o."

Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ kẹ́yìn nìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú tí Gethin kọ́kọ́ gbé mi jáde nínú ọkọ̀ pupa náà, oòrùn ràn dáadáa; ọ̀dà pupa tí mo bá a fi tún ilẹ̀kùn rẹ̀ kùn láàárọ̀ ṣì wà lábẹ́ èékánná mi. Àfi bí a ṣe yọ sókè Cwm-du tí kùrukùru bo ọ̀nà. Òórùn ọṣẹ tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń fọwọ́ gba ọkọ̀ náà kan. Ọkọ̀ rọra dẹ eré fúnra rẹ̀, ó yà sí ẹnu géètì oko náà.

Ọkùnrin kan tí ojú rẹ̀ jọ ti Idwal dúró níbẹ̀, ó gbé fìtílà lọ́wọ́ lọ́sàn-án gangan. Nọ́ńbà wa ló kọ́kọ́ wò, ojú rẹ̀ sì yọ̀. Lẹ́yìn náà ló wo àwa méjèèjì.

"Nọ́ọ̀sì dà?"

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo ẹ̀yìn ìjókòó wa, níbi tí kò sí ìjókòó kankan.

"Ẹ jọ̀ọ́, àtàárọ̀ ló ti ń rọbí," ó ní jẹ́jẹ́. "Ṣé nọ́ńbà nìkan ni wọ́n fi rán yín ni?"

Ẹ̀rù ba Gethin, ó tẹ iná mọ́ ọkọ̀. Mo pariwo pé kó dúró. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ọkùnrin náà ti sọ fìtílà náà kalẹ̀.

Ọkọ̀ kò jẹ́ ká sinmi. Ó tún yà, ó gòkè lọ sílé tí wọ́n bí Gethin sí. Òrùlé ilé yẹn ti wó tipẹ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ó pé, èéfín ń jáde lórí rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan sáré jáde, ó ní etí ńlá méjèèjì tí mo máa ń fi bú ọkọ mi.

"Nọ́ọ̀sì dà?"

"Bàbá mi nìyẹn," ni Gethin wí, ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó tutù bí omi kànga, mo sì ń rí awọ sítíárìn gba inú ìka rẹ̀, bí ẹni pé ó ń parẹ́ lọ.

Mo bẹ́ sílẹ̀. Ọmọ olùsìn àgùntàn ni mí. Mo ti tún ọmọ àgùntàn yí nínú ìyá rẹ̀ rí.

"Omi gbígbóná wà?"

"Ó wà, Mà."

Mi ò ní sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ọmọ náà gbé ìwọ́ kọ́rùn bí Òjó, kò mí. Mo fi aṣọ ra á bí a ṣe ń ra ọmọ àgùntàn, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i nímú, mo ń bẹ̀ ẹ́, mo ń pè é lórúkọ tí wọn kò tíì sọ ọ́. Ó ké. Mo gbọ́ tí àgbàlagbà kan pẹ̀lú ń ké níta. Nígbà tí mo jáde, èpò ló kún ibẹ̀, ògiri ti wó, Gethin sì jókòó sídìí ọkọ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná.

A ya ilé Màmá Beti, ìyá rẹ̀, lọ mu tíì. Gbogbo Kérésì ni màmá yìí máa ń sọ bí Nọ́ọ̀sì Olwen ṣe gbé báàgì dúdú wọlé lọ́jọ́ tí òun bí Gethin. Mo ní kí wọ́n tún un sọ.

"Nọ́ọ̀sì ò rí wa dé lọ́jọ́ yẹn," ni wọ́n wí. "Obìnrin àjèjì kan ló wọlé wá. Ọ̀dà pupa wà lábẹ́ èékánná ẹ̀."

Wọ́n wo ọwọ́ mi. Mo kó o sábẹ́ tábìlì.

"Idwal ti Cwm-du ńkọ́, Màmá?"

"Idwal wo? Ìyàwó Cwm-du kú sórí ìkúnlẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, tòun tọmọ. Ṣé o ò rí òkúta wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì ni?"

Mo ti ń kọjá nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì yẹn láti kékeré. Mi ò rí òkúta náà rí, àfi ìgbà tí mo lọ wò ó. Ewéko tútù ti bò ó dé ìdajì.

Èmi ò sọ pé irin ní ẹ̀mí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ohun àgbà kan lè dákẹ́ sí gáréèjì kí iṣẹ́ rẹ̀ má tíì tán, kí àwọn kan ṣì máa retí rẹ̀ lẹ́nu géètì. Gethin ti tú ọkọ̀ pupa náà. Ó fi iná jó bọ́dì ọkọ̀ eérú pọ̀ padà, ó dá gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ padà fún un, ó sì gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò rántí ẹni tó sọnù.

Èmi ló ń wà á báyìí. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo ń gbé báàgì dúdú, aṣọ àti ọṣẹ sẹ́yìn rẹ̀, tí mo ń gòkè lọ sí Cwm-du. Mo máa ń dojú nọ́ńbà rẹ̀ kọ géètì, màá ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, màá sì dúró de kùrukùru. Ẹnikẹ́ni kò jáde rí. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá fìtílà kan lórí òpó géètì náà. Iná rẹ̀ ti kú, àmọ́ nígbà tí mo fọwọ́ kàn án, gíláàsì rẹ̀ ṣì gbóná.