Ewúrẹ́ Kò Gbọdọ̀ Délé

Tiwa délé láti ilé ìwé. Ọjọ́bọ̀ ni.

Ó wo ẹ̀yìn. Kò sí ẹni tó ń bọ̀. Ó ti ìwé kan bọ abẹ́ aṣọ.

Ìwé ewúrẹ́ ni. Ewúrẹ́ yìí ní ìyẹ́. Gógó lorúkọ ẹ̀. Ó ṣìnà. Òkè méje ló wà láàárín òun àti ilé.

Ìwé kan, òkè kan. Fìrì, fìrì, fìrì, ó ń fò.

Ìwé keje ló wà lábẹ́ aṣọ Tiwa. Òun ló kẹ́yìn.

Tiwa máa ń kà á fún Màmá Ìkirè. Màmá Ìkirè ni ìyá Mọ́mì. Ó wá láti Nàìjíríà sí Norcross, ní Amẹ́ríkà, kó lè máa wẹ Eli, ọmọ tuntun.

Tiwa á ka òyìnbó. Á sọ ọ́ ní Yorùbá. Bí Yorùbá bá há, á fi ọwọ́ ṣe é.

"Ewúrẹ́ tó ń fò," ni Màmá máa ń wí. "Èyí tó wà nílé mi ò ní ìyẹ́ o. Síbẹ̀ ó ń jẹ iṣu mi."

Ní Sátidé, Màmá máa padà sílé. Oṣù mẹ́fà ti pé.

Tiwa ronú. Bí ewúrẹ́ bá délé, ìwé tán. Bí ìwé bá tán, Màmá lọ.

Ewúrẹ́ kò gbọdọ̀ délé.

Ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Rárá. Wọ́n á rí i níbẹ̀.

Ó wo ẹ̀yìn fìríìjì. Rárá. Wọ́n á rí i níbẹ̀.

Ó wo àpótí Màmá. Màmá ní òun ti di ẹrù tán. Ta ló máa tún tú u?

Tiwa rìn, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́. Ó fa síìpù. Ṣìììì.

Ó yọ ìwé láti tì í sínú ẹ̀. Àpótí ṣófo.

"Tiwa." Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Eli wà lẹ́yìn rẹ̀. "Kí ni ìwé ń wá nínú àpótí?"

Tiwa wo ilẹ̀. "Màmá, aṣọ yín dà? Ẹ sọ fún Mọ́mì pé ẹ ti dì í."

Màmá náà wo ilẹ̀.

Eli nìkan ló ń sọ̀rọ̀. "Gúù, gúù."

"Mi ò fẹ́ kí ìwé tán," ni Tiwa wí. "Bó bá tán, ẹ máa lọ."

Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Èmi náà ò fẹ́ kí àpótí kún. Bó bá kún, mo máa lọ."

"Ṣé ẹ̀rù ń bà yín?"

"Ó ń bà mí díẹ̀. Ẹ lè gbàgbé mi."

"Èmi? Mi ò lè gbàgbé yín."

Màmá nu ojú. "Ewúrẹ́ yẹn ńkọ́? Ìyá ẹ̀ ń retí ẹ̀."

Tiwa ò tíì rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ó wo ewúrẹ́ lára ìwé. Lóòótọ́, ó jọ ẹni tó ti rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é," ni Tiwa wí. "Màá ka ojú ewé kan. Kẹ́ ẹ fi aṣọ kan sínú àpótí."

Ojú ewé kan. Fàà. Aṣọ kan. Pó.

Ojú ewé kan. Fàà. Aṣọ kan. Pó.

Òjò pa Gógó. Pó, bùbá kan. Gógó já bọ́.

"Yéè," ni Màmá wí. "Má dúró. Kà á."

Tiwa kà á. Gógó dìde. Pó, gèlè kan.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Gógó kan ilẹ̀kùn. Kọ̀, kọ̀, kọ̀. Ìyá ẹ̀ ṣí i.

"O rìn jìnnà o," ni ìyá ẹ̀ wí. "Wọlé."

Ìwé tán. Àpótí kún. Tiwa sunkún díẹ̀. Màmá náà sunkún díẹ̀.

Ní Sátidé, Dádì fi mọ́tò gbé Màmá lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Tiwa juwọ́, títí kò fi rí Màmá mọ́.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Ilé dákẹ́.

Ní Sọ́ńdè, fóònù Mọ́mì dún. Gìrìrì, gìrìrì.

Ojú Màmá ló yọ. Ọmọ méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, Ṣìkẹ́mi àti Ọláníyì. Ilé kejì ni wọ́n ń gbé.

"Tiwa, gbà mí," ni Màmá wí. "Mo ń sọ ìtàn ewúrẹ́ fún wọn. Mo sọ òkè kìíní. Mo sọ èkejì. Mo ti gbàgbé ẹ̀kẹta. Wọn ò jẹ́ kí n sinmi."

Ṣìkẹ́mi sún mọ́ fóònù. "Àǹtí Tiwa, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n?"

Ẹnì kankan ò pe Tiwa ní Àǹtí rí.

Tiwa sáré lọ mú ìwé kẹta. Tiwa ń kà á. Màmá ń sọ ọ́. Ilẹ̀ ń ṣú ní Ìkirè. Oòrùn ń ràn ní Norcross.

"Òkè kẹta tán," ni Màmá wí. "Ó ku mẹ́rin. Ó di ọ̀la."

Ọláníyì fajú ro. "Àǹtí Tiwa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó tètè délé."

"Màá rọra kà á," ni Tiwa wí.