Ẹ̀rọ Tó Dún Láìsí Iná

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí gómìnà fẹ́ ka ìwé ìṣúná fáwọn aṣòfin ni wọ́n bá kọ́bọ́ọ̀dù onírin tí wọ́n tì í mọ́ ní ọ́fíìsì ìṣúná lófìfo. Wọ́n ti da omi sí kọ̀ǹpútà tí ẹ̀dà rẹ̀ wà. Ẹnikẹ́ni ò já ilẹ̀kùn, ẹni méjì péré ló sì ní kọ́kọ́rọ́: akọ̀wé àti Ọ̀gá Ìṣúná.

"Ọ̀gá Ìṣúná padà wá mú gíláàsì ojú rẹ̀ nírọ̀lẹ́ àná, lẹ́yìn tíṣẹ́ parí," olùṣọ́ sọ fún Ìsípẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá. "Láti ìgbà tí owó ìjọba ti já wálẹ̀, bíṣẹ́ bá ti parí, a ti pa jẹnẹrétọ̀ nìyẹn, a ò sì ní iná mìíràn. Òṣùpá làwa fi ń ṣọ́lé."

Omi lé ròrò lójú akọ̀wé. Ó mọ̀ pé bí ẹ̀sùn yìí bá lẹ̀ mọ́ òun, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn, ẹ̀wọ̀n sì kù. "Ẹni bá jẹ gbì ló ń kú gbì, sà. Mi ò jẹ nǹkan kan."

Ọ̀gá Ìṣúná mí kanlẹ̀. "Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Nígbà tí mo padà wá, mo gbọ́ tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń dún ní yàrá akọ̀wé yìí."

Ìsípẹ́kítọ̀ jẹ búrẹ́dì rẹ̀ lóun nìkan nínú ọkọ̀. Látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, fóònù rẹ̀ kì í dún bí kò bá ṣe tiṣẹ́. Nígbà tó wọlé padà, ó pe àwọn méjèèjì jọ.

"Iná wo ló gbé ẹ̀rọ náà, sà? Ẹ̀yin lẹ pàṣẹ pé kí wọ́n máa pa jẹnẹrétọ̀. Ojúmọmọ ṣì wà lójú fèrèsé nígbà tẹ́ ẹ dé, ìyẹn lẹ fi gbàgbé pé kò síná. Ẹni méjì ló ní kọ́kọ́rọ́, ẹ̀yin lẹ sì purọ́."

Ọ̀gá Ìṣúná jókòó pẹ̀lẹ́. "Ìwé náà wà ní búùtù ọkọ̀ mi. Kí ìnáwó lè bá owó tó ń wọlé dọ́gba, wọ́n ní kí n fagi lé ilé ìtọ́jú arúgbó. Ìyàwó mi tí àìsàn ìgbàgbé ń ṣe wà níbẹ̀. Bí wọn ò bá rí ìwé kà, ìṣúná èṣí, tí ilé náà wà nínú rẹ̀, ni wọ́n á ṣì máa ná."

"Ṣé ó ṣì mọ̀ yín?"

"Rárá. Àmọ́ ó máa ń bi mí pé kí ló dé tí mo pẹ́. Ẹ bá mi yọjú sí i."

Ìwé náà dé ọwọ́ gómìnà lọ́sàn-án. Nírọ̀lẹ́, Ìsípẹ́kítọ̀ bá ìyá arúgbó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní ilé ìtọ́jú náà, àga òfìfo kan sì wà níwájú rẹ̀.

"Kí ló dé tó o pẹ́ báyìí?" ni ìyá náà bi í.

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi Ìsípẹ́kítọ̀ bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. "Iṣẹ́ ló dá mi dúró," ó ní, ó sì fa àga náà mọ́ra.