N Kò Gún Abẹ́rẹ́

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ pa á rẹ́!"

Ọ̀gá tí ń kọ pátákó dá búrọ́ọ̀ṣì dúró lókè. Lẹ́tà D ńlá kan ló ti kọ síwájú pátákó, ó pupa, ó ń dán, ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ. Ó wo Àìníà, ó wo bàbá rẹ̀.

"Kí ni kí n pa rẹ́, ọmọ yìí? 'Dókítà Àìníà' ni bàbá rẹ ní kí n kọ."

"Èmi kì í ṣe dókítà, sà."

Múdàṣírù oníyọ̀, bàbá Àìníà, gbé àpò iyọ̀ tó wà léjìká rẹ̀ sọ sílẹ̀. "Ta ni yóò bi ọ́? Ta ni yóò ka ìwé rẹ ní Òdòde yìí? O lo ọdún méjì àti oṣù mẹ́ta ní ilé ìwòsàn ní Oǹdó. O wọ aṣọ funfun, o bá òyìnbó ṣiṣẹ́. Kí ló tún kù?"

"Ó ku ọdún tó pọ̀, bàbá mi, àti ìwé tí n kò tíì kà."

"Àìníà! Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ṣé o kò gbọ́ ọ rí ni?"

"Mo gbọ́ ọ, bàbá mi. Ẹ jẹ́ kí tèmi kùtà."

Bí ẹ bá rí Àìníà lójú ọ̀nà, ẹ ó ní ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Ọmọ ọdún méjìdínlógún, tín-ínrín, tí í fi ìborùn bo orí wálẹ̀. Jẹ́jẹ́ kọ́ o! Ó lójú agídí. Ọdún kẹrin rèé tí ìdílé wọn ti bá àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti ìlú àtijọ́ tó wà lórí òkè wá sí Òdòde, tí bàbá rẹ̀ sì kọ́ ilé oníyàrá mẹ́rin. Yàrá iwájú ló yọ̀ǹda fún Àìníà kí ó fi ṣe iṣẹ́ tó kọ́. Àmọ́ ó fún un ní gbèdéke. Bí Iléyá bá dé tí èrò kò tíì máa wọ yàrá náà, àpò iyọ̀ ni yóò kún ibẹ̀, Àìníà yóò sì jókòó ti àpò iyọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í jẹ́ kí ọmọ náà sùn dáadáa, torí kò sí ohun tó fẹ́ láyé yìí bí iṣẹ́ náà.

Síbẹ̀, ohun tó ní kí ọ̀gá náà kọ sórí pátákó nìyí: "ÀÌNÍÀ ỌMỌ MÚDÀṢÍRÙ. MO KỌ́ṢẸ́ ỌDÚN MÉJÌ ÀTI OṢÙ MẸ́TA NÍ OǸDÓ. MO Ń FỌ EGBÒ, MO Ń DI EGBÒ. MO Ń TỌ́JÚ ÌDODO ỌMỌ TUNTUN. N KÒ GÚN ABẸ́RẸ́. N KÒ LA ARA. ÈYÍ TÓ BÁ JU AGBÁRA MI LỌ, N Ó JÚWE Ọ̀NÀ FÚN YÍN." Lẹ́tà D tí wọ́n họ kò tán tán; ó hàn fírífírí lábẹ́ orúkọ rẹ̀.

Àwọn ọmọ ilé ìwé ló kọ́kọ́ kà á sókè. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ̀rín ti gba Òdòde kan, ó ti dé Aládé, ìlú tó múlé tì í. Ta ní í kiri iṣu tí í máa pariwo pé méjì nínú rẹ̀ ti jẹrà? Ni wọ́n bá sọ ọ́ ní N-Kò-Gún. Bó bá ń lọ lójú títì, ọmọdé á ní, "N-Kò-Gún, ẹ kú ìrìn o!" Àìníà á dáhùn, "Ẹ ṣé, n kò sì ní gún."

Abẹ́rẹ́ ni gbogbo ayé ń fẹ́ nígbà náà. Wọn kò jẹ̀bi. Àwọn dókítà ìjọba ti fi abẹ́rẹ́ wo egbò burúkú sàn lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, Àìníà fúnra rẹ̀ rí i ní Oǹdó. Ohun tó kù tí aráyé kò bèèrè ni ta ló mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Fẹ́hìntọlá, tí a kò mọ ibi tó ti wá, mọ̀ pé wọn kò ní bèèrè. Lọ́jọ́ ọjà, á dé akoto funfun, á gbé àpótí rẹ̀ sórí tábìlì, á sì bẹ̀rẹ̀: "Sátífíkéètì Lọ́ńdọ̀n! Dìpúlómà! Ẹ́ẹ̀mù Díì!" Kò sẹ́ni tó yé. Àìyé náà gan-an ló dùn mọ́ wọn. Dókítà Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń tò níwájú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, bàbá Àìníà ti ọjà Ọ̀wẹnà dé, ó tú nǹkan kan nínú aṣọ, ó gbé e lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Abẹ́rẹ́ òyìnbó ni, tòun ti ìgò rẹ̀. "Mo bá ọ rà á," ni ó wí, ó sì bọ́ síta.

Mùíbàt, ọ̀rẹ́ Àìníà, wà níbẹ̀. Ọmọ olóbì ni, láti Aládé. Ojú rẹ̀ tàn. "Bu omi, fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, kí o máa gún wọn. Inú wọn á dùn, inú bàbá rẹ á dùn. Ṣé omi máa ń pa ènìyàn ni?"

"Odò Ọ̀wẹnà ń pa ènìyàn lọ́dọọdún. Kí ló wà nínú rẹ̀ bí kò ṣe omi?"

"Àwàdà kọ́ o, Àìníà. Iléyá ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún. O ti rí i tí wọ́n ń gún un nígbà ọgọ́rùn-ún."

Òótọ́ ni. Ọwọ́ Àìníà ń yún un. Ó mọ bí a ṣe ń mú un, ó mọ ibi tí a ń gún. Ohun tí kò mọ̀ ni èyí tó yẹ kó wọnú rẹ̀, iye tó yẹ, àti ohun tí a ó ṣe bí ara bá kọ̀ ọ́. Ó wo abẹ́rẹ́ náà títí, ó sì dì í padà sínú aṣọ. Ẹnu ẹni la fi í kọ mé jẹ. Ó gbé e fún bàbá rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. Bàbá náà gbà á, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka àpò iyọ̀ rẹ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni Mùíbàt mú ìyá rẹ̀ wá. Òkúta ojú ọ̀nà òkè ló ya ìyá náà lójúgun. Àìníà fọ egbò náà, ó dì í, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò balẹ̀. Itan obìnrin náà pọ́n, ó gbóná, kókó sì ti sọ lábẹ́ rẹ̀.

"Ìyá mi, mo ti ṣe èyí tí mo lè ṣe. Ooru inú itan yín yìí kì í ṣe tèmi. Oǹdó ni kí ẹ lọ, lónìí."

"Oǹdó? Nítorí egbò?" Ìyá Mùíbàt pòṣé. "Bí o kò bá mọ iṣẹ́, sọ pé o kò mọ̀ ọ́n." Ọ̀dọ̀ Dókítà Abẹ́rẹ́ ló gbà lọ.

Lọ́jọ́ kẹrin, Mùíbàt sáré wọlé, kò wọ bàtà. Ibi tí wọ́n gún ìyá rẹ̀ lábẹ́rẹ́ ní ìdí ti wú, ó le bí òkúta, ìyá náà ń gbọ̀n, ó ń sọ ìsọkúsọ. Àìníà kò wí pé "ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀". Ó dá ọkọ̀ tí ń kó kòkó lọ sí Oǹdó dúró, ó sì bá wọn gbé e sórí àpò kòkó. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n la ìdí náà, ọyún kún abọ́. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó dájú pé yóò yè, Àìníà sì dúró tì wọ́n níbẹ̀.

Kí Àìníà tó padà dé, Fẹ́hìntọlá ti ṣáájú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ti kéde lọ́jà pé ọmọbìnrin tí kò lè gún abẹ́rẹ́ ló fi omi ìdọ̀tí ba ẹsẹ̀ ìyá náà jẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ òun. Wọ́n sọ òkúta lu pátákó Àìníà.

"Iléyá ku ọjọ́ mẹ́sàn-án," ni bàbá rẹ̀ wí. "Wọlé, ọmọ mi. Ti ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ á rọlẹ̀."

"Kí n ti ilẹ̀kùn bí ẹni tó jalè? Ẹ dárí jì mí, bàbá mi. N kò ní í tì í."

Inú ń bí i débi pé omi lé ròrò sí i lójú. Ó mú ìwé ẹ̀rí tó gbà ní Oǹdó, ó yọ pátákó lára ògiri, ó gbé e rù, ó di ọjà. Àwọn ọmọdé tẹ̀ lé e. Kò wẹ̀yìn.

Nígbà tó dé iwájú Fẹ́hìntọlá, ó kúnlẹ̀ kí i, torí wọ́n kọ́ ọ nílé; ó sì dìde, torí kò wá tọrọ nǹkan. Ó gbé pátákó ti ẹsẹ̀ tábìlì, ó ṣí ìwé rẹ̀.

"Ẹ̀yin ará ilé mi, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sí awo nínú rẹ̀. Ó ní mo fọ egbò fún ọdún méjì àti oṣù mẹ́ta lábẹ́ ojú dókítà. Ó ní mo lè di egbò, mo lè tọ́jú ìdodo ọmọ tuntun. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mo bá ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ fún yín, ẹ mú mi." Ó yíjú sí ọkùnrin náà. "Ó kàn yín, sà. Ẹ sọ tiyín ní Yorùbá. Ta ló kọ́ yín? Ọdún mélòó lẹ fi kọ́ ọ? Kí ni ẹ kò lè ṣe?"

"Sátífíkéètì Lọ́ńdọ̀n—"

"Ní Yorùbá, sà."

Fẹ́hìntọlá gbá tábìlì. "Èmi? Kò sí ohun tí n kò lè ṣe!"

Bàbá àgbà káfíńtà kan, tó ti kan ilẹ̀kùn àìmọye ilé lókè àti nísàlẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. "Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi ń kan igi. N kò lè rọ ọkọ́, n kò lè gbẹ́ kànga. Ọmọṣẹ́ mi tó dé lánàá nìkan ni kò sí ohun tí kò lè ṣe!"

Ẹ̀rín sọ, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi dáwọ́ dúró, torí Mùíbàt, tó bá Àìníà ti Oǹdó dé, ti dìde láàárín èrò. "Èmi ni mo mú ìyá mi lọ sọ́dọ̀ Àìníà. Oǹdó ló ní kí a lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an, a kò gbọ́. Ojú abẹ́rẹ́ tiyín ni wọ́n là, sà. Mo dúró níbẹ̀, mo rí i."

Ọkùnrin náà sọ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n èrò ti ń tú ká níwájú rẹ̀. Ó pa àpótí rẹ̀ dé. Ọ̀nà Ọ̀wẹnà ni wọ́n ní ó gbà, a kò sì rí akoto funfun náà mọ́.

N kò ní parọ́ fún yín pé gbogbo ìlú gbọ́n lọ́jọ́ kan. Àwọn kan ṣì ń wá alábẹ́rẹ́ mìíràn kiri. Ṣùgbọ́n nígbà tí Iléyá dé, bẹ́ǹṣì ìta kò gba èrò mọ́. Múdàṣírù oníyọ̀ fúnra rẹ̀ ló kan pátákó padà, ó sì ń sọ fún àlejò pé, "Ṣé N-Kò-Gún lẹ ń wá? Ọmọ mi ni. Ẹ wọlé." Orúkọ tí wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀ ti di orúkọ tí wọ́n fi ń júwe ilé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́, tó ń kàwé, ẹ gbọ́ o. Òtítọ́ lè kùtà lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dọ́jà, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ìyẹn gbé irọ́ lé àtẹ. Ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀ lédè tó yé ẹni tí ẹ fẹ́ ṣe é fún, kí ẹ sì sọ ibi tó mọ láìtijú. Ẹni tí kò lè sọ ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ mọ, ẹ má fi ara yín lé e lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ kejì Iléyá, Ìyá Mùíbàt ti Oǹdó dé, ó ń fi ọ̀pá tẹlẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó na ẹsẹ̀ síwájú Àìníà.

"Ọmọ mi, kọ́kọ́ sọ èyí tí o kò lè ṣe fún mi," ni ó wí. "Lẹ́yìn ìyẹn, kí o wá tú báńdéèjì yìí."